Owó Ìrántí fún Ìwádìí Ìṣègùn: Ọ̀nà Mẹ́rin Tí A Gbé Wò Nílé Wa

Ọjọ́ kẹjọ tí ìyá wa kú ní Ìsánlú, kí a tó sin ín, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dìde láàárín ẹbí, tó ní kí a dá owó jọ ní orúkọ ìyá fún ìwádìí lórí àrùn kíndìnrín. Ilé pa lọ́lọ́. Àbúrò bàbá wa kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ìwádìí kí ni? A ti mọ ohun tó pa á. Àbí ẹni tó pa á lẹ fẹ́ mọ̀?"

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ ìbéèrè yẹn ni mo fi ṣáájú, torí òun ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú nǹkan yìí ní ilẹ̀ Okun, lọ́dọ̀ àwa Yorùbá Kogí, máa kọ́kọ́ bá pàdé. Tí wọ́n bá ti fi "ìwádìí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òkú, ọ̀dọ̀ babaláwo tàbí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ni ọkàn àwọn àgbà ń lọ. Ìgbà tí a yí ọ̀rọ̀ padà sí "owó tí àwọn dókítà máa fi kọ́ ìdí tí kíndìnrín fi ń bàjẹ́ lára àwọn èèyàn wa" ni bàbá kékeré náà tọwọ́ bọ àpò.

Ọdún mẹ́rin rèé. Ọ̀nà mẹ́rin la gbé wò, a ti fi owó dán mẹ́ta wò nínú wọn, a sì jìyà ọ̀kan. Èyí tí mo kọ yìí wà fún ìdílé tó dà bíi tiwa, bóyá Yàgbà ni o, Owé, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀: àgbà méjì-mẹ́ta nílé, ọmọ kan ní Lọ́kọ́ja, ọ̀kan ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Abùjá, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹni tó jẹ́ olówó ńlá láàárín wọn.

Ìtọ́jú ni àbí ìwádìí?

Ìyá wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún pípẹ́ kí kíndìnrín rẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni dókítà ní kí ẹ̀rọ máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan là ń rí owó rẹ̀ san, ìgbà míì ọjọ́ mẹ́wàá á kọjá kí a tó rí i. Láti Ìsánlú a máa gba Ẹ̀gbẹ̀, Èrùkù, Òmù-Àrán, kí a tó dé Ìlọrin, á sì ti rẹ ìyá tán kí wọ́n tó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Tí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn yẹn ló ń dùn yín lọ́kàn, ìtọ́jú lẹ fẹ́ fi owó ṣe. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, irú ti ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, kí ẹ ra bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ san gbèsè aláìsàn kan tí wọn ò jẹ́ kó lọ sílé. Oore gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìwádìí. Owó ìtọ́jú tí ẹ san lónìí, aláìsàn kan á jẹ àǹfààní rẹ̀ lọ́la. Owó ìwádìí lè pẹ́ ọdún mẹ́ta kó tó mú ìwé kan jáde, ìwé náà sì lè sọ pé ohun tí gbogbo wa rò kọ́ ló ń fa àrùn. Ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nítorí pé ó rò pé ẹ máa ra ẹ̀rọ á bi yín léèrè ẹ̀rọ náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Àwọn tó ti ṣe é dáadáa, wọ́n yan ọ̀kan, wọ́n sì sọ èyí tí wọ́n yàn. Nígbà tí Ebola pa Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ní August 2014, àjọ DRASA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀ mú iṣẹ́ kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí wọ́n ṣe ń dènà àkóràn. Ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ọmú pa Susan Komen ní 1980, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì dá àjọ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní 1982. Ní tiwọn, owó ìwádìí wà lára iṣẹ́ tí àjọ náà ń ṣe.

Nílé tiwa, ìwádìí la yàn, ìdí tí a fi yàn án rèé. Jíìnì kan wà, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún sínú ara látọ̀dọ̀ òbí, tí wọ́n ń pè ní APOL1. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé oríṣi rẹ̀ méjì kan, tó wọ́pọ̀ lára àwa èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní í ṣe pẹ̀lú àrùn kíndìnrín. Oríṣi méjèèjì yìí ló gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn sunrunsunrun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, látinú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ni pé ẹni tó jogún ẹyọ kan kò séwu, àfi ẹni tó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024, tí wọ́n ṣe láàárín èèyàn tó ju 8,000 lọ ní Nàìjíríà àti Gánà, bá a pé nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló gbé ẹyọ méjì, àti pé ẹyọ kan péré náà ń fi kún ewu. Wọn ì bá má mọ̀ ká ní wọn ò wá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa tí a wà nílé wò.

Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n ń yẹ̀ wò? Ìbéèrè tí mo gbé lé gbogbo ọ̀nà tó kù nìyẹn.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọ̀nà | Owó kékeré ńkọ́? | Ta ló ń jíhìn? | Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ |
|---|---|---|---|
| Àjọ ìwádìí ní òkè-òkun | Wọ́n á gbà á, ẹ kò ní rí ojú ẹ̀ mọ́ | Àjọ náà, nínú ìròyìn ọdọọdún | Ará ilé kì í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ |
| Ìwádìí ńlá ní ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ nílé | Ó lè gbé apá kan | Ọ̀gá ìwádìí àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ | Owó lè wọ àpò gbogbogbò |
| Dókítà tó ń kọ ìwé ìwádìí láti di dókítà àgbà nínú ẹ̀ka kan | Ibí ló ti tóbi jù | Dókítà náà, ọ̀gá rẹ̀, àti ẹ̀yin | Jápa |
| Àjọ tiyín | Orí ìwé ló ń tán sí | Ẹ̀yin fúnra yín, lọ́dọọdún | Ìjà ẹbí |

Ẹ má kàn yan látinú tábìlì yìí o. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ kò gùn bákan náà, torí ohun tí a rí nínú wọn kò pọ̀ bákan náà.

Àjọ òkè-òkun

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe èyí. Kidney Research UK, àjọ ìwádìí kíndìnrín kan níbẹ̀, ní ètò pé kí ìdílé ṣí ojú ìwé ìrántí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi fọ́tò àti ìtàn òkú sí i, kí ọ̀rẹ́ àti ará ibi iṣẹ́ máa sanwó síbẹ̀. Láàárín alẹ́ kan ó ti parí. Kò sí ìpàdé ẹbí, kò sí lọ́yà. Ẹni tó ń san owó orí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún lè fọwọ́ sí Gift Aid: ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, kí 100 pọ́n-ùn di 125 láìjẹ́ pé ẹni tó fi í sílẹ̀ yọ kọ́bọ̀ míì.

Àwọn àjọ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ nìkan ni Gift Aid wà fún. Tí ẹ bá fẹ́ kí owó náà wá sí ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà tààràtà, ẹ gbàgbé rẹ̀. GoFundMe, ojúlé ìkówójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà kò ní san owó sínú àkáǹtì Nàìjíríà. Ẹni tó ṣí i gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì ní ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà, kó tó wá fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ti ń dì mọ́ ọwọ́ ẹnì kan, tí àwọn ará ilé á wá máa sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Owó tí ẹ̀gbọ́n mi kó jọ ju gbogbo èyí tí àwa tó wà nílé rí lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn àgbà ní Ìsánlú, wọ́n ní, "Ó dáa, Ọlọ́run á gbà á." Kò sí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ míì. Lójú wọn, owó ti rékọjá òkun, ó ti tán. Mo sì rò pé wọn ò ṣìnà pátápátá: àjọ ńlá bẹ́ẹ̀ ló ń pinnu ibi tí owó ń lọ, ẹ kò sì lè ní kí wọ́n ná tìyá yín lórí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, tí ó bá jẹ́ pé òkè-òkun ni ọ̀pọ̀ nínú yín wà, tí kò sì sí ẹni tó lè máa tẹ̀ lé nǹkan nílé, ọ̀nà tó mọ́ jù nìyí. Ẹ ṣe é, kí ẹ sùn.

Ìwádìí ńlá nílé

Àwọn ilé iṣẹ́ wà o. NIMR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Yábàá l'Ékòó, tí gbòǹgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1920 nígbà tí àwọn àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà wá ń wá ìdí ibà pọ́njú. NIPRD, ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìdú l'Ábùjá. Àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni wà ní Ìlọrin, Ìbàdàn àti Lọ́kọ́ja. Iṣẹ́ tó wúlò sì ti jáde níbẹ̀. Ọwọ́ NIPRD ni Niprisan ti jáde, oògùn àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, tí wọ́n ṣe látinú àgbo oníṣègùn ìbílẹ̀ kan láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Gbogbo rẹ̀ là ń rí lọ́jà Kàbà ní ọjọ́ ọjà.

Ohun tó ṣòro níbí ni bí ẹ ṣe máa tẹ̀ lé owó. Láti 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó àkáǹtì àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ TSA, ìyẹn àkáǹtì kan ṣoṣo ti ìjọba, ibẹ̀ ni owó tí ẹ bá san sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ń gbà kọjá. Tí wọn ò bá kọ orúkọ ìwádìí náà gan-an sórí ìwé, owó yín ti bọ́ sínú odò. Mo lọ béèrè ní ibi kan. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi ní kóòkì, wọ́n sì ní kí n san owó náà sí "ìrànlọ́wọ́ fún ilé ìwòsàn". Mo bi wọ́n pé ta ló máa sọ fún mi bí wọ́n ṣe ná an. Wọ́n wo ara wọn lójú. Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Tí ẹ bá máa gba ọ̀nà yìí, lẹ́tà mẹ́ta ni kí ẹ gbà kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Èkínní ni ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí. Òfin Ìlera ti 2014 ti fìdí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ti orílẹ̀-èdè múlẹ̀, NHREC ni wọ́n ń pè é, àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwádìí tí kò ní ìwé yìí, ẹ sá fún un. Èkejì ni lẹ́tà tó sọ iye tí ilé iṣẹ́ máa yọ kúrò fún ara rẹ̀ kí ìyókù tó kan iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí owó yín gan-an máa rà: kẹ́míkà àyẹ̀wò, epo jẹnẹrétọ̀ fún fírísà tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ àwọn tó ń wá fún àyẹ̀wò.

Wọ́n á tún sọ̀rọ̀ owó ìpìlẹ̀ fún yín, èyí tí wọn kì í fọwọ́ kàn, tí èlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n á máa ná títí ayé. Ó dùn gbọ́. Ẹ rántí pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọ̀pọ̀ nínú kẹ́míkà láàbù. Ṣáájú June 2023, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan. Kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé ó ti ré kọjá ₦1,400. Kò sí èlé báńkì tó bá a sáré. Ìdílé tí kò lówó rẹpẹtẹ, ẹ ná owó yín nígbà tó ṣì ní ipá.

Dókítà kan, ìwé kan

Èyí ni mo fara mọ́ jù, bẹ́ẹ̀ a kò mọ̀ pé ó wà. Dókítà ọ̀dọ́ kan ní wọ́ọ̀dù tí ìyá wa wà ló la ojú wa sí i, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí gbogbo wa jókòó sí kọ́rídọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ di dókítà àgbà nínú ẹ̀ka kan, yálà ti kíndìnrín, ti ọkàn tàbí ti ọmọdé, máa ṣe ìdánwò ńlá lábẹ́ National Postgraduate Medical College, tó ti wà láti 1979, tàbí èyí tó wà fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ó tó parí, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí tirẹ̀, kó sì kọ ìwé lé e lórí. Ta ló ń san owó àyẹ̀wò náà? Ọ̀pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ni, látinú owó oṣù. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú wọn ṣe ń mú ohun tí wọ́n lè san owó rẹ̀ dípò ohun tó yẹ kí wọ́n bi ayé. Ẹni tó fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ igba èèyàn wò á dín in sí ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fẹ́ wá sí abúlé á dúró sí kílíníìkì.

Ibí ni owó ìdílé kan ti ń di nǹkan. Iye tó kéré lójú àjọ ńlá ló ń mú ọgọ́rùn-ún padà di igba.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. A kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka kíndìnrín ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni kan, a ní ìdílé wa fẹ́ ran ìwé ìwádìí kan lọ́wọ́ lọ́dọọdún ní ìrántí ìyá wa, pé ohun kan ṣoṣo tí a bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn tí wọ́n máa yẹ̀ wò ní àwọn ará abúlé nínú. Ó fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹnu yà wá. Dókítà àkọ́kọ́ ń wá àmì àìsàn nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ àti àbúrò àwọn tó ti ní àrùn kíndìnrín, àwọn tí kò tíì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. A san owó pépà tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó ọkọ̀ àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀ẹ̀mejì la pín owó náà sí: ìdá kan nígbà tí a rí ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀, ìdá kejì nígbà tó ti yẹ ìlàjì èèyàn wò tán. Láàbù àti ilé ìtajà oògùn ni a sanwó fún tààràtà, kì í ṣe dókítà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí a ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tó gbèjà ìwé rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò, ó pè wá lórí fídíò. Bàbá kékeré tó béèrè ẹni tó pa ìyá lọ́jọ́sí wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ pé àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ti ní àmì láìmọ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òun náà lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. N kò tíì rí ìwàásù kankan tó ṣe irú ẹ̀.

Ọdún kejì wá kọ́ wa ní ìyókù. Dókítà kejì ti gba ìdá àkọ́kọ́, ó ti kó àyẹ̀wò tó tó ìlàjì jọ, ni físà rẹ̀ bá jáde. Kò purọ́ fún wa, ó pè, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Ó ti lọ kí oṣù náà tó parí. Ta ni a fẹ́ bínú sí? Àmọ́ iṣẹ́ náà dúró. Láti ìgbà náà, gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà wa: tí dókítà bá kúrò kí ìwé tó parí, gbogbo àyẹ̀wò àti àkọsílẹ̀ á wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹlòmíì á sì gbé e dé òpin. Ẹ fi sínú tiyín láti ọjọ́ kìíní.

Nǹkan méjì tún wà tí ìdílé kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ kò ní rí orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n yẹ̀ wò, ì báà jẹ́ ará ilé yín. Ẹ kò sì lè sọ ohun tí èsì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí dókítà kọ ọ́ pé àgbo ló ń ba kíndìnrín jẹ́, torí ìyá mu àgbo. Dókítà ní òun máa kọ ohun tí òun bá rí.

Àjọ tiyín

Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń rò nìyí, òun ni a kọ́kọ́ ṣe, òun náà la jìyà rẹ̀. Orúkọ ìyá, lógò, pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Lábẹ́ CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti àjọ ti 2020, ẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, ẹ máa gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa dé agbègbè yín, kí ẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ owó àìmọ́, èyí tí báńkì máa béèrè kó tó ṣí àkáǹtì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìròyìn ọdọọdún tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí CAC láàárín ọgbọ̀njọ́ oṣù June sí òpin December, lọ́dọọdún, bóyá ẹ rí owó lọ́dún náà tàbí ẹ kò rí.

Owó tí a kó jọ ní ọdún àkọ́kọ́, ìlàjì rẹ̀ ló bá lọ́yà, ìwé ìròyìn àti ìwé báńkì lọ. Ẹni mẹ́ta ló ń buwọ́lu àkáǹtì. Ọ̀kan kó lọ sí Kánádà, ọ̀kan bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò kan ìyá rárá. Àkáǹtì sùn. Ó tó oṣù méje kí a tó jí i.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Tí ẹ bá ní ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ ìwé kíkọ, tí inú rẹ̀ ń dùn sí fáìlì, tí ẹ sì ní ìdánilójú owó ọdún márùn-ún, ẹ máa bá a lọ. Tí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ ìyá yín lè wà lórí ìwé ìwádìí dókítà láìsí CAC.

Ọjọ́ ìsìnkú àbí ìrántí ọdún kan?

Ìsìnkú ni èèyàn ń pọ̀ sí. Gbogbo ìlú wà níbẹ̀, ọkàn rọ̀, owó ń jáde. Ṣùgbọ́n owó pósí, owó màlúù, owó aṣọ ẹbí àti owó tẹ́ńtì ń bá tiyín du àpò kan náà. Àṣìṣe wa ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: a tẹ nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi sí ìsàlẹ̀ pósítà ìkéde òkú. Àwọn kan sanwó fún ìsìnkú, àwọn kan fún ìwádìí, àwọn kan kàn kọ "ẹ kú ará fẹ́ra kù". A lo oṣù mẹ́ta láti yà wọ́n sọ́tọ̀, a ń pe èèyàn kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ìtìjú sì bò wá.

Ìrántí ọdún kan kò ní èrò bẹ́ẹ̀, bóyá ìdá mẹ́rin èrò ìsìnkú ló wá sí tiwa. Ṣùgbọ́n orí ti wálẹ̀, ẹnikẹ́ni tó dá owó mọ ohun tó ń dá a fún, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́ dókítà kan sì dìde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó yẹ ìfúnpá èèyàn wò lábẹ́ ìbòòji. Owó tó wọlé lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìsìnkú.

Ẹni tó bá fẹ́ lo aṣọ ẹbí fi kówó jọ, kó fi èrè sórí aṣọ, kó sì kéde iye èrè náà kí wọ́n tó rà á. (Ní Bùnú, nígbà àwọn bàbá wa, aṣọ ìpò pupa ni wọ́n fi ń yẹ́ òkú ẹni ńlá sí, àwọn obìnrin ló sì ń hun ún. Mo máa ń rò ó pé kí ẹnì kan hun ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tà á fún ìwádìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ sùn.) Màlúù kan tí ẹ kò pa náà jẹ́ owó, ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn àgbà sọ ọ́ kí pósítà tó jáde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu alásè. Ní tiwa, a pa ọ̀kan dípò méjì, àwọn àgbà sì gbà nígbà tí a sọ pé èkejì wà fún dókítà.

Nípa àkáǹtì, ọ̀tọ̀ ni kó wà, orúkọ ẹni méjì lórí rẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú èkejì. Tiwa ni ọkọ àbúrò mi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Lóṣooṣù, ẹnì kan á fi fọ́tò àkọsílẹ̀ báńkì sórí WhatsApp ẹbí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ọjọ́ tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ tán.

Èyí ni ohun tí a tẹ̀ sórí ìwé ìrántí ọdún kẹta, lẹ́yìn tí bàbá kékeré ti kà á, tó sì yọ ọ̀rọ̀ "ìwádìí" kúrò lápá òkè fúnra rẹ̀. Ẹ lè yí i sí tiyín:

"Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àrùn kíndìnrín ló mú ìyá wa lọ. A ń dá owó jọ lọ́dọọdún kí dókítà kan lè kọ́ ìdí tí ó fi ń mú àwọn èèyàn wa àti bí a ṣe lè tètè mọ̀ ọ́n. Owó yìí kì í ṣe owó ìsìnkú, kì í sì í ṣe owó ìtọ́jú aláìsàn. Láàbù la ń san án fún. Iye tó wọlé, iye tó jáde àti orúkọ iṣẹ́ tí dókítà ṣe lọ́dún tó kọjá wà lẹ́yìn ìwé yìí."

Lẹ́yìn ìwé náà, ìlà mẹ́rin ló wà, títí kan ìlà kan tó sọ pé iṣẹ́ ọdún kejì kò tíì parí, ọ̀gá ẹ̀ka ti fi í lé dókítà míì lọ́wọ́.